Àyẹ̀wò ní 2 péré nínú 100 sípáàmù mi ni ìrísí rẹ̀ pé: ṣé ọ̀nà ti dí ni?

Àkànní34

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí oorun ò kun ojú mi dáadáa, mi ò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọmọ ọdún 34 ni mí, ìyàwó mi jẹ́ 31. Ó ti pé oṣù 14 báyìí tí a ti ń retí oyún. A ò lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan, a kì í sì í jìnnà síra. Nígbà tí ọdún kan kọjá, mo dá lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ láìsọ fún un. Èrò mi ni pé màá gba ìwé tí yóò sọ pé kò sí nǹkan kan, màá wá gbé e lé e lọ́wọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ní ti èmi.

Inú ọkọ̀ ni mo ti já àpòòwé náà. Àtọ̀ tó jáde jẹ́ mìlílítà 3.1. Iye sípáàmù, àwọn ohun tín-ín-rín inú àtọ̀ tó ń wẹ̀ lọ bá ẹyin obìnrin, jẹ́ mílíọ̀nù 48 nínú mìlílítà kan. Àwọn tó ń wẹ̀ lọ síwájú jẹ́ 41 nínú 100. Mo ń kà á, ara mi ń rọ̀, nítorí wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan pé ó dára. Ìgbà tí mo dé ìlà tó gbẹ̀yìn ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n: àwọn tí ìrísí wọn pé, 2 nínú 100. Wọ́n fi bíírò pupa fa ìlà sí i lábẹ́, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tì í, teratozoospermia.

Mo padà wọlé lọ bi ẹni tó fún mi ní ìwé. Ó ní kí n lọ bá dókítà, òun ò lè túmọ̀ rẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, mo sì rí i pé èdè Gíríìkì ni wọ́n ti yọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé abàmì ló túmọ̀ sí. Ẹ̀yin ará, abàmì! 98 nínú 100 ohun tó ń ti ara mi jáde. Ó tó wákàtí kan tí mo fi jókòó sínú ọkọ̀ yẹn láì lè wa á.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni mo fẹ́ kọ́kọ́ béèrè. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí orí wọn wọ́ yìí bá lọ di oyún, ṣé ọmọ náà kò ní ní àbùkù ara? Lẹ́yìn náà, mo ka ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ní bí ìrísí kò bá ti tó 4 nínú 100, ICSI nìkan ló kù, ìyẹn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé sípáàmù kan wọ inú ẹyin obìnrin ní láàbù, kí èèyàn má fi àkókò ṣòfò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló sì lè fà á? Mi ò mu sìgá. Ọtí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú àyẹ̀wò náà, ibà dá mi dùbúlẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò nílé ìwòsàn tí ara mi ń gbóná bí iná, ṣùgbọ́n ìyẹn ti lọ. Mo ti ra oríṣi oògùn afúnnilókun mẹ́ta, mo ń lò wọ́n ní kọ̀rọ̀. Inú àpò tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni mo ń kó wọn sí.

ÌyáLáàbù

Àbúrò mi Àkànní, kú ìrọ́jú. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń jókòó ti máíkírósíkóòpù, iṣẹ́ ẹni tó ka àtọ̀ rẹ gan-an ni èmi náà ń ṣe. N kì í ṣe dókítà, n kò sì ní sọ ohun tó ju ìmọ̀ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń dé orí ìwé. Ó dùn mí pé wọ́n fi bíírò pupa fa ìlà sí i, tí wọn ò sì wá ẹnì kan tó máa bá ọ jókòó.

Jẹ́ kí n mú ọ wọ láàbù. Ẹ̀kán àtọ̀ kan la máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sórí dígí. A ó jẹ́ kó gbẹ, a ó fi aró kùn ún kí orí àti ìrù lè yàtọ̀ síra, a ó kán òróró sí i, a ó sì sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 1,000. Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán 200. Kí sípáàmù kan tó lè bọ́ sí apá àwọn tó pé, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bí ẹyin adìyẹ, kó jọ̀lọ̀ yíká. Bí o bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, gígùn orí náà jẹ́ bíi 4 nínú rẹ̀, ìbú rẹ̀ kò sì tó 3. Ó gbọ́dọ̀ dé fìlà, èyí tí àwa ń pè ní acrosome, fìlà náà sì gbọ́dọ̀ bo orí láti 40 dé 70 nínú 100. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kó gùn tó orí, kó sì bá orí tò lórí ìlà kan. Ìrù ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò ká, tí kò ṣẹ́, tó gùn tó orí ní bíi ìlọ́po mẹ́wàá. Bí mo bá wò ó tí mo ṣiyèméjì, òfin wa ni pé kí n kà á mọ́ àwọn tí kò pé.

Ṣé o rí i? Èyí tí fìlà rẹ̀ kéré díẹ̀ àti èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, apá kan náà ni wọ́n ń lọ pẹ̀lú èyí tó ní orí méjì. Kò sí ẹni tó sọ pé wọ́n ti kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wẹ̀ geere.

Wàyí o, bá mi ṣe ìṣirò kan. Nínú 200, 2 nínú 100 jẹ́ sípáàmù mẹ́rin. 4 nínú 100 tí wọ́n pè ní ààlà jẹ́ mẹ́jọ. Àbúrò mi, sípáàmù mẹ́rin péré ló wà láàárín ìwé tìrẹ àti ìwé tí kò ní bíírò pupa. Bí ẹni tó kà á bá sún dígí náà díẹ̀ sí ọ̀tún, ó lè bá mẹ́rin yẹn pàdé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá mi máa ń gbé dígí kan náà fún èmi àti ẹnì kejì mi láìsọ fún wa. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ 3, tí ẹnì kejì mi kọ 7. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wa, ojú wa ló yàtọ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí ìwé yẹn, ìrísí ni nọ́ńbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mì jù. Ohun tí ọdún 19 kọ́ mi nìyẹn, mo sì lè sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ibo tiẹ̀ ni 4 yẹn ti wá? Àjọ Ìlera Àgbáyé ló ń gbé ìwé ìlànà tí a fi ń ṣiṣẹ́ jáde. Ní 1980, ìwé náà ní bíi 80 nínú 100 ló yẹ kó pé. Ní 1987 ó di 50, ní 1992 ó di 30. Nígbà tó fi máa di 2010, ó ti di 4, 4 náà ló sì wà nínú èyí tó jáde ní 2021. Kì í ṣe pé àtọ̀ àwọn ọkùnrin bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọdún. Òṣùwọ̀n la mú le. Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Tygerberg ní South Africa ló gbé ọ̀nà kíkà tó le yìí jáde ní 1986, ọ̀nà náà sì di ti gbogbo ayé.

Bí wọ́n sì ṣe rí 4 náà nìyí, jọ̀ọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kó èsì àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín oṣù 12 jọ. Bí o bá to 100 nínú wọn láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù, ẹni karùn-ún ló dúró síbi 4. Bàbá ọmọ ni àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà. Ó ń wù mí kí wọ́n máa kọ èyí sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé àyẹ̀wò.

Ní ti àbùkù ọmọ, fọkàn balẹ̀. Orí sípáàmù dà bí àpótí tí wọ́n di ẹrù bàbá, ìyẹn àbùdá rẹ̀, sí. Àpótí tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sọ pé aṣọ inú rẹ̀ ti ya, orí tó wọ́ kì í sì í di ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́. Irú kan wà tó ṣọ̀wọ́n gan-an, níbi tí gbogbo orí ti tóbi gbàgàdà tí ìrù sì ju ọ̀kan lọ. Nínú ìyẹn, ẹrù ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn dókítà kì í sì í gbà kí wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe ICSI. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìyẹn lórí dígí kò ní dákẹ́, yóò kọ ọ́.

Tún wo tìrẹ lọ́nà mìíràn. 3.1 lọ́nà 48 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 149. 2 nínú 100 rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Àwọn tó ń dé ìtòsí ẹyin obìnrin kì í ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, ikun tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ sì máa ń dá ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrísí wọn burú dúró kí wọ́n tó wọlé.

Ibà tí o kọ síbẹ̀ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, òun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìta ara ni ẹpọ̀n ń gbé nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ìtútù, ó fi ìwọ̀n 2 sí 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius tutù ju inú ara lọ. Ó máa ń gba bí ọjọ́ 74 kí wọ́n tó ṣe sípáàmù kan tán, ó tún máa lo ọjọ́ bíi mélòó kan sí i kó tó gbó tó ẹni tó lè wẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni ọjọ́ 49. Ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n kà lórí dígí rẹ, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ṣì wà nígbà tí ara rẹ ń gbóná bí iná. Àyẹ̀wò yẹn kò tíì sọ bí o ṣe rí. Bí o ṣe rí nígbà ibà ló sọ. Jẹ́ kó ju oṣù mẹ́ta lọ sí ọjọ́ ibà náà, kí o tún un ṣe, kí o sì fi ọjọ́ 2 sí 7 jìnnà sí ìbálòpọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Kó àwọn oògùn inú àpò yẹn jáde, kí o ka ohun tó wà lára wọn lónìí. Bí o bá rí testosterone tàbí oògùn tí àwọn tó ń gbé irin fi ń kọ́ ara, má fi kan ẹnu mọ́, nítorí ó máa ń sọ fún ọpọlọ pé kí ẹpọ̀n sinmi, iṣẹ́ sípáàmù á sì dúró. Bó bá jẹ́ síńkì àti folic acid ni, kò dà bíi pé yóò pa ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má retí púpọ̀. Ní 2020, wọ́n tẹ èsì ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya 2,370. Àwọn ọkùnrin kan lo méjèèjì fún oṣù mẹ́fà, àwọn kan lo oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tó bímọ jẹ́ 34 nínú 100 ní apá kan, 35 ní apá kejì, àwọn tó lo oògùn gidi ló sì ní 34.

Ìwé kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò ọ́, ọwọ́ dókítà ni. Ó yẹ kó fọwọ́ kan ẹpọ̀n rẹ lórí ìdúró, kó wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú, tí wọ́n ń pè ní varicocele. Ọkùnrin bíi 15 nínú 100 ló ní in, láàárín àwọn tó ń wá ọmọ ó máa ń tó 35 sí 40, apá òsì ló sì pọ̀ sí jù. Kí ìyàwó rẹ náà lọ fún tirẹ̀. Oṣù 14 ti tó kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó síwájú dókítà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ọkùnrin fi ọdún méjì lé nọ́ńbà ìrísí kiri, nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá wà lọ́dọ̀ ìyàwó, kò sì le láti tọ́jú.

Ọmọ́táyọ̀_A

Bọ̀dá Àkànní, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìyàwó ni èmi, ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ̀ẹ̀kínní, ó ní 1. Ẹ̀ẹ̀kejì, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ní 5. Ẹ̀ẹ̀kẹta, láàbù mìíràn, 2. Ọkùnrin kan náà, kò yí ohunkóhun padà nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí 5 jáde, a fò sókè. Nígbà tó padà di 2, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo sọ pé a ò ní ṣe ẹ̀kẹrin. Mo lóyún ní oṣù keje lẹ́yìn rẹ̀, láì sí ICSI, láì sí nǹkan kan. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún yín, n kò mọ inú yín. Ṣùgbọ́n ohun tí Mama sọ nípa ẹsẹ̀ nọ́ńbà náà tó mì, ojú mi ló ṣe.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Ẹ sọ fún ìyàwó yín. Ọkọ mi fi tiẹ̀ pa mọ́ fún mi fún oṣù méjì gbáko. Mo rí i pé kì í wo ojú mi mọ́, pé bí a bá ti bọ́ sórí ibùsùn, á ní ó ti rẹ òun. Mo rò pé obìnrin mìíràn ni. Mo sunkún oṣù méjì lórí obìnrin tí kò sí níbì kankan. Nígbà tó wá gbé ìwé náà jáde, ìbínú mi lórí oṣù méjì yẹn pọ̀ ju ohunkóhun tó wà nínú ìwé lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ wà, kò tíì pẹ́.

Olórí_Róbótó

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ tèmi nítorí kò sí ẹni tó máa ń sọ apá yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tó bá wà ní ipò mi ka ìjíròrò yìí tán kó lọ fi ọwọ́ lẹ́rán.

Òdo ni tèmi. Kì í ṣe 2, kì í ṣe 1. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kà á, òdo ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀kejì kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé: gbogbo orí ló rí róbótó, kò sí èyí tó dé fìlà. Gbogbo wọn, 200 nínú 200, àbùkù kan náà. Gbólóhùn yẹn ló gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Globozoospermia ni wọ́n ń pè é. Dókítà wa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n rí i pé apá kan nínú àbùdá tí mo bá wáyé, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DPY19L2, kò sí lára mi rárá. Kì í ṣe ibà, kì í ṣe ọtí, kì í ṣe ohun tí mo jẹ. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Nínú fìlà yẹn ni ohun tí sípáàmù fi ń gba ara ẹyin wọlé wà. Láì sí i, bí mílíọ̀nù mélòó bá wẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọn yóò dúró sí. ICSI ló wà fún wa, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé ẹyọ kan wọ inú ẹyin. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, nítorí àwọn olórí róbótó kì í sábà ní ohun tó ń jí ẹyin sílẹ̀ kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹyin mẹ́sàn-án ni wọ́n fún ní abẹ́rẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló jí, kò sì dúró. Mi ò lè sọ bí ilé wa ṣe rí ní oṣù yẹn. Ìgbà kejì, wọ́n fi àwọn ẹyin sínú èròjà tó ń ti kálísíọ́ọ̀mù wọ inú wọn lẹ́yìn abẹ́rẹ́, márùn-ún nínú mẹ́jọ ló jí. Ọmọbìnrin wa ti pé ọdún mẹ́ta. Orí rẹ̀ dára, gbogbo ara rẹ̀ dára.

Nítorí náà, Àkànní ọ̀rẹ́ mi, bi láàbù rẹ léèrè: irú àbùkù wo ni 98 yẹn ní? Ṣé oríṣiríṣi ni, àbí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn? Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì ju 2 lọ.

Tọ́lá_B

Ẹ ṣé gan-an, Mama. Ṣùgbọ́n ó yé mi, kò yé mi. Bí ọwọ́ yín kò bá lè dá a lójú láàárín 3 àti 7, kí ló dé tí ẹ ṣì ń kà á? Owó ni àwọn èèyàn fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí, wọ́n sì ń fi èsì rẹ̀ sunkún.

ÌyáLáàbù

Tọ́lá, ìbéèrè tó tọ́ lo béèrè, mo sì ti bi ara mi rí.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú rẹ ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Bí a kò bá wo ìrísí, òun àti ìyàwó rẹ̀ ì bá ṣì máa gbìyànjú nílé títí di òní. Nígbà tí gbogbo sípáàmù bá ní àbùkù kan náà, orí róbótó, orí gbàgàdà, tàbí ìrù tó kúrú tó ká jọ lára gbogbo wọn, ìrísí ń sọ̀rọ̀ ketekete nígbà náà, àbùdá ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Oríṣiríṣi àbùkù ní tirẹ̀, èyí tó ń bẹ lára gbogbo ọkùnrin ni. Àwa èèyàn kò dà bí ẹran ọ̀sìn nínú èyí. Akọ màlúù tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe akọ agbo, 70 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó gbà á. Láti ìgbà tí Leeuwenhoek ti kọ́kọ́ wo àtọ̀ lábẹ́ awò rẹ̀ ní 1677, ní ilẹ̀ Netherlands, títí di òní, n kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan rí àtọ̀ ọkùnrin tí ìrísí gbogbo rẹ̀ pé.

Ìdáhùn kejì ni pé ìrísí ní ohun tó ń sọ, ó kàn ń sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́ ni. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àtọ̀ ọkùnrin 765 tó ń wá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 696 tí wọ́n ti di bàbá. Ìrísí ló tiẹ̀ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ jù, ó ju iye àti ìrìn lọ. N kò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ṣì wọ inú ara wọn púpọ̀ débi pé kò sí nọ́ńbà kankan, ìrísí o, iye o, ìrìn o, tó lè dá tọ́ka sí ọkùnrin kan pé eléyìí kò lè bímọ. Bí iye bá kéré, tí ìrìn bá fà, tí ìrísí náà sì lọ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí mẹ́ta nìyẹn, ó yẹ ká gbọ́. Ìwé Àkànní, ẹlẹ́rìí kan ló ń sọ̀rọ̀, òun náà sì ti ara ibà dé.

Ẹni tó ní ICSI nìkan ló kù fún gbogbo ẹni tí kò tó 4 ti sáré jù. Brussels, ní ilẹ̀ Belgium, ni wọ́n ti kéde ICSI fún ayé ní 1992, àwọn ọkùnrin tí tiwọn le gan-an ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹni tí iye àti ìrìn rẹ̀ dára bíi ti Àkànní, n kò rò pé ìlà kan ṣoṣo tó ní bíírò pupa ló yẹ kó tì í dé ibẹ̀.

Ní ti owó àti omijé, òótọ́ lo sọ. Ní láàbù tí mo wà, mo ti dá a dúró láti máa kọ ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn síwájú ẹni tó ni àtọ̀. Mo máa ń kọ nọ́ńbà, mo máa ń kọ irú àbùkù tí mo rí àti iye tó wà lórí, lọ́rùn àti nírù, mo sì máa ń kọ iye tí mo kà. Ó gba ìṣẹ́jú márùn-ún sí i.

Àkànní34

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹ dárí jì mí pé n kò tètè dáhùn.

Mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tí mo ka ọ̀rọ̀ Àǹtí Ọmọ́táyọ̀. Ó ti mọ̀ pé nǹkan wà. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti rí ìgò oògùn nínú àpò mi nígbà tó ń wá kọ́kọ́rọ́, ó sì rò pé àìsàn kan ń ṣe mí tí mi ò fẹ́ kó mọ̀. Ó ní kí n kó gbogbo rẹ̀ wá. A jọ ka ara ìgò kọ̀ọ̀kan lórí ibùsùn. Méjì jẹ́ fítámì àti síńkì. Ẹ̀kẹta kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá, ó kàn kọ pé ó ń fún ọkùnrin lágbára ni. Ó dìde, ó lọ dà á nù. Lẹ́yìn náà ló wá ka ìwé àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀, láti òkè délẹ̀, ó sì béèrè ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀ nípa ìlà mẹ́ta tó dára.

A ti jọ rí dókítà. Ó yẹ̀ mí wò lórí ìdúró, kò rí iṣan kankan tó wú. Nígbà tó gbọ́ nípa ibà, ó fi ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó pé oṣù mẹ́rin sí ọjọ́ ibà kí n tó tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Ìyàwó mi ní tirẹ̀, ó bi í léèrè nǹkan oṣù rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ó máa ń tó ọjọ́ 45 nígbà mìíràn kó tó rí i, nígbà mìíràn 28. Ọdún mẹ́rin tí a ti jọ ń gbé, mi ò mọ̀. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mama, ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí n padà sí láàbù tí mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, àbí kí n lọ síbòmíràn? Mi ò fẹ́ràn ibẹ̀ mọ́.

ÌyáLáàbù

Padà síbẹ̀, àbúrò mi, bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ojú tó kà á bá yí padà, o ò ní mọ̀ bóyá àtọ̀ rẹ ló yí padà tàbí ojú. Bí o bá dé ibẹ̀, sọ fún wọn kí wọ́n kọ iye tí wọ́n kà, kí wọ́n sì kọ irú àbùkù tó wà lórí, lọ́rùn àti nírù. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í kọ ọ́, sọ pé o fẹ́ bá ẹni tó ka dígí náà sọ̀rọ̀. A máa ń wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á pè é wá fún ọ. Mú ìyàwó rẹ dání.